Ìtọ́kasí gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Onímọ̀: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Babs Fáfúnwá láàárín Ìmọ̀ Òfin àti Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́

Àṣamọ̀

Iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí iṣẹ́ onímọ̀ ti di òṣùwọ̀n pàtàkì nígbà tí a bá ń gba olùkọ́ síṣẹ́ tàbí tí a bá ń gbé e ga ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ibi tí òṣùwọ̀n náà ti ṣẹ̀, bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, àti ohun tí kò lè fi hàn. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fáfúnwá ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ náà kúrò nínú ìwé, ó wọ inú ìlànà ìjọba. Àbájáde àyẹ̀wò náà ni pé ìtọ́kasí ń sọ pé a dárúkọ iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a fi iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn amòfin ti mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n, pàápàá àwọn tí ń fi èdè Yorùbá ṣe ìwádìí.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Orí òwe yìí ni gbogbo iṣẹ́ ìwádìí dúró lé. Kò sí onímọ̀ tí ó dá ìmọ̀ sílẹ̀ láti inú òfìfo. Ohun tí àwọn aṣáájú ti wí ni ó ń gbé yẹ̀ wò, tí ó ń fara mọ́, tí ó ń tún ṣe tàbí tí ó ń takò. Nígbà tí ó bá dárúkọ ẹni tí ó ti wí ohun kan ṣáájú rẹ̀, tí ó sọ ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà àti ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, ìtọ́kasí ni ó ṣe. Ohun méjì ni ìtọ́kasí wà fún ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, àti òótọ́ sí òǹkàwé tí ó bá fẹ́ lọ wádìí fúnra rẹ̀.

Lóde òní, ìtọ́kasí ti di ohun tí à ń kà bí ẹni ń ka owó. Ìgbìmọ̀ tí ń gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́ máa ń béèrè iye iṣẹ́ tí ó ti tẹ̀ jáde, irú jọ́nà tí ó tẹ̀ wọ́n sí, àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra láti di olùkọ́ náà ń rí nọ́ńbà wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tí ó ń ka ìwé wọn, ó sì lè rò pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀n jù. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti yẹ èrò bẹ́ẹ̀ wò. Ibi tí kíka ìtọ́kasí ti bẹ̀rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò kan iṣẹ́ Fáfúnwá.

2. Inú ìmọ̀ òfin ni kíka ìtọ́kasí ti ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó dá kíka ìtọ́kasí sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ni ó ṣáájú. Ní orílẹ̀-èdè tí ó ń lo irú òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ìdájọ́ àná ni adájọ́ òní ń tẹ̀ lé. Agbẹjọ́rò tí ó bá gbé ìdájọ́ àtijọ́ kan síwájú ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé ìdájọ́ náà ṣì múlẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ gíga kan bá ti wọ́gi lé e, tí agbẹjọ́rò kò sì mọ̀, ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Láti yanjú ìṣòro yìí ni Frank Shepard, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1873. Ó ń tẹ ìwé pélébé tí ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, àwọn agbẹjọ́rò sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ìdájọ́ tí ó kàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ wọn. Orí ìwé pélébé náà ni àkọsílẹ̀ gbogbo ẹjọ́ tí ó ti tọ́ka sí ìdájọ́ náà lẹ́yìn tí a dá a wà. Nígbà tí ó yá, ó di ìwé ńlá tí gbogbo ilé-ìkàwé òfin ní Amẹ́ríkà ń rà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ètò yìí ni pé kò dúró lórí iye. Lẹ́tà kékeré ń bẹ níwájú ìtọ́kasí tí ń sọ ohun tí ilé ẹjọ́ kejì ṣe sí ìdájọ́ ti àkọ́kọ́: bóyá ó tẹ̀ lé e, bóyá ó ní ọ̀ràn méjèèjì yàtọ̀ síra, tàbí bóyá ó wọ́gi lé e pátápátá.

Ní ọdún 1953, William Adair, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Shepard rí, kọ lẹ́tà sí Eugene Garfield, ó sì là á lọ́yẹ̀ pé ohun tí àwọn amòfin ń ṣe lè wúlò fún sáyẹ́ǹsì. Garfield gba ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ní ọdún 1955, ó gbé ìmọ̀ràn náà jáde nínú jọ́nà *Science*. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ atọ́ka ìtọ́kasí fún sáyẹ́ǹsì ní gbangba. Atọ́ka ti ìmọ̀ àwùjọ, èyí tí ìmọ̀ ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, tẹ̀ lé e ní ọdún 1973, ti iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ènìyàn sì dé ní ọdún 1978. Láti inú wọn ni ohun tí a mọ̀ sí Web of Science lónìí ti jáde. Ní ọdún 2004 ni Scopus àti Google Scholar dé.

Ṣùgbọ́n nínú ìrìn àjò láti ilé ẹjọ́ dé ilé ìwádìí, ohun kan já bọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́tà kékeré tí ń sọ ohun tí a fi ìtọ́kasí ṣe kò bá a dé. Iye nìkan ni ó kù.

3. Bí a ṣe ń ṣírò

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni àpapọ̀ iye ìtọ́kasí: a ó ka gbogbo ìgbà tí a dárúkọ iṣẹ́ onímọ̀ kan, a ó sì ro ó pọ̀.

Èkejì ni òṣùwọ̀n ipa jọ́nà. Èyí kì í wọn ènìyàn. Jọ́nà ni ó ń wọ̀n. A ó ka iye ìgbà tí a tọ́ka, nínú ọdún kan, sí àwọn iṣẹ́ tí jọ́nà náà tẹ̀ ní ọdún méjì tí ó ṣáájú, a ó wá fi iye iṣẹ́ wọ̀nyí pín in. Ọdún méjì yìí lè tó fún ìmọ̀ tí ń yára yí padà. Nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ òfin, níbi tí ìwé tí a kọ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì lè jẹ́ òpómúléró, ojú kan ṣoṣo ni a fi ń wo ọjà nígbà tí a bá lo òṣùwọ̀n yìí.

Ẹ̀kẹta ni atọ́ka h, tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2005. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí olùkọ́ kan bá ní iṣẹ́ márùn-ún, tí a tọ́ka sí wọn ní ìgbà 20, 9, 4, 3 àti 1, atọ́ka rẹ̀ jẹ́ 3, nítorí pé iṣẹ́ mẹ́ta ni a tọ́ka sí ní ó kéré tán ìgbà mẹ́ta mẹ́ta. Kò ní iṣẹ́ mẹ́rin tí a tọ́ka sí ní ìgbà mẹ́rin mẹ́rin. Ète Hirsch ni pé kí iṣẹ́ kan ṣoṣo má baà gbé ènìyàn ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì rẹ̀: bí onímọ̀ kan bá fi ogún ọdún kọ ìwé ńlá kan ṣoṣo, tí a tọ́ka sí i ní ìgbà 500, atọ́ka rẹ̀ kò ju 1 lọ.

Gbogbo òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní ìwúlò tirẹ̀. Wọ́n ń ran ni lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń kà, wọ́n sì ń jẹ́ kí á tọ ipasẹ̀ èrò kan láti ọwọ́ onímọ̀ kan dé ọwọ́ òmíràn. Àléébù wọn ni pé ìyìn, àríwísí àti ìtọ́kasí àfidẹ́rùbànìyàn lásán ni wọ́n kà sí ọ̀kan náà.

4. Ẹjọ́ méjì tí ó kan ilé-ìwé

Ìmọ̀ òfin fúnra rẹ̀ ni ó fi hàn wá bí iye ṣe lè tan ni jẹ. Ní ọdún 1896, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Plessy, ó ní kò lòdì sí òfin láti ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀, bí ohun tí a pèsè fún wọn bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti ènìyàn funfun. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1954, nínú ẹjọ́ Brown tí ó dá lórí ilé-ìwé, ilé ẹjọ́ yìí kan náà kọ èrò Plessy sílẹ̀ nínú ọ̀ràn ẹ̀kọ́. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí Plessy. Ẹni tí ó bá ń ka iye nìkan yóò rò pé ìdájọ́ ńlá ni; ẹni tí ó bá ka ohun tí wọ́n wí yóò mọ̀ pé àpẹẹrẹ ohun tí kò yẹ kí á ṣe ni wọ́n fi ń ṣe.

Ẹjọ́ Brown tún kọ́ ni ní ẹ̀kọ́ kejì. Nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kọkànlá inú ìdájọ́ náà, ilé ẹjọ́ tọ́ka sí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ bíi mélòó kan láti fi hàn pé ìyàsọ́tọ̀ ń pa ọmọ lára. Orúkọ Kenneth Clark ni ó ṣíwájú níbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Mamie Clark, ni wọ́n lo bèbí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú láti wádìí èrò àwọn ọmọ dúdú nípa ara wọn. Ìtọ́kasí kan péré ni èyí bí a bá fi ojú nọ́ńbà wò ó. Ṣùgbọ́n inú ìdájọ́ tí ó yí ilé-ìwé orílẹ̀-èdè kan padà ni ó wà. Bákan náà, orúkọ Mamie Clark kò sí nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí òun ṣe fún oyè kejì ní Yunifásítì Howard ni irúgbìn gbogbo ọ̀rọ̀ bèbí yìí. Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ìtọ́kasí a sì máa sọ àwá di èmi.

Ní Nàìjíríà, ẹjọ́ Okogie àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọdún 1981, jẹ́ irú èyí. Ìjọba Èkó fẹ́ fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Ilé ẹjọ́ sì sọ pé àwọn ète ìjọba tí ó wà ní Orí Kejì ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò lè borí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ó wà ní Orí Kẹrin. Láti ìgbà náà ni a ti ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá béèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà lè fi ọ̀ràn ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá ka iye yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pe Nàìjíríà, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS gba ọ̀nà mìíràn: ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe é pe ẹjọ́ lé lórí. Kíkà ni a fi ń mọ èyí.

5. Fáfúnwá àti iṣẹ́ rẹ̀

Kò sí onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu bí Fáfúnwá. Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1923. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní ọdún 1955. Ní ọdún 1966, ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀. Ó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992, ó sì papò dà ní ọdún 2010.

Lára ìwé rẹ̀ ni *New Perspectives in African Education* (1967), *A History of Nigerian Higher Education* (1971), *History of Education in Nigeria* (1974), àti *Education in Africa: A Comparative Survey* (1982) tí òun àti J. U. Aisiku jọ ṣe olóòtú rẹ̀. Ìwé ọdún 1974 ni ó tàn ká jù. Ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kọ àpilẹ̀kọ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà kí ó má dárúkọ rẹ̀, pàápàá níbi tí Fáfúnwá ti ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ti wà láàárín àwa ènìyàn Áfíríkà kí àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó dé, ó sì ka àwọn ète ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Àmọ́ ẹ̀rọ tí ń ka ìtọ́kasí kò rí gbogbo rẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń kọ báyìí: A. B. Fafunwa, Babs Fafunwa, A. Babs Fafunwa, Aliu Babatunde Fafunwa. Ẹ̀rọ lè ka onímọ̀ kan sí ènìyàn mẹ́rin. Bí a bá tún fi àmì ohùn sí orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ nínú iṣẹ́ tí a fi Yorùbá kọ, ó lè di ẹni karùn-ún. Ìṣòro yìí kò kan bí iṣẹ́ náà ti dára tó. Síbẹ̀ ó ń dín iye kù.

6. Iṣẹ́ Ifẹ̀: láti kíláàsì dé ìlànà ìjọba

Iṣẹ́ ìwádìí Fáfúnwá tí ipa rẹ̀ jinlẹ̀ jù ni iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Àjọ Ford ní Amẹ́ríkà ṣe ìrànlọ́wọ́ owó fún un. Ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti sọ: bí a bá fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣé yóò mọ̀wé ju ẹni tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí a tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì?

Kíláàsì àyẹ̀wò ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ; Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó sì ń kọ́ ọ. Kíláàsì ìfiwéra ń tẹ̀ lé ètò tí ó wà nílẹ̀. Ìwé kíkà tuntun di dandan láti kọ, ọ̀rọ̀ tuntun sì di dandan láti ṣẹ̀dá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ kíláàsì àyẹ̀wò ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì kù díẹ̀ káàtó nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àkójọ ìròyìn iṣẹ́ náà, *Education in Mother Tongue*, jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1989, pẹ̀lú orúkọ Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹnu àwọn ènìyàn, “iṣẹ́ Fáfúnwá” ni. Adébísí Afọláyan, àwọn olùkọ́wèé, àti àwọn olùkọ́ kíláàsì Modákẹ́kẹ́ tí ó fi ojoojúmọ́ gbé ìwádìí náà ró, kò sí atọ́ka kankan tí ó kà wọ́n bí ó ti yẹ. Gẹ́lẹ́ bí ti Mamie Clark ni.

Báwo ni òfin àti ìlànà ṣe lo iṣẹ́ náà? Níbí ni ó ti yẹ kí á dá lẹ́tà kékeré ti Shepard padà. Ìlànà Ìjọba lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni a ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ, kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó bá yá. Ẹ̀dà ọdún 2004 sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta kọ́ ni Ifẹ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ọdún mẹ́fà ni. Ọdún mẹ́ta ni ti kíláàsì ìfiwéra, èyí tí ìwádìí náà sọ pé ó kù sẹ́yìn! Nítorí náà, onímọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé “ìlànà ìjọba tẹ̀ lé Fáfúnwá” kò kàwé dáadáa. Ìlànà náà bu ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Èdè fún Orílẹ̀-èdè, tí ó ní èdè abínibí ni kí á máa fi kọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé a tẹ̀ lé e nígbẹ̀yìn, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti wọ́gi lé ìlànà náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù.

Ohun tí ó wà nínú ewu hàn gbangba níbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ takò ìpinnu yìí kò lè fi iye ìtọ́kasí takò ó. Kò sí ilé ẹjọ́ tàbí ìgbìmọ̀ tí yóò gbà pé ọ̀rọ̀ jẹ́ òtítọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó béèrè ni pé: ilé-ìwé mélòó ni ó lo ìlànà náà ní tòótọ́, pẹ̀lú ìwé àti olùkọ́ tí ó yẹ? Àwọn ọmọ tí ó ṣe ìdánwò, èdè wo ni a fi kọ́ wọn, fún ọdún mélòó? Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbè sẹ́yìn ìpinnu náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ipò òní ti yàtọ̀ sí ti Modákẹ́kẹ́: bóyá ìwé tuntun àti olùkọ́ àkànṣe ni ó mú àwọn ọmọ ìgbà náà yege, kì í ṣe èdè nìkan. Ìhà méjèèjì nílò ìwádìí tuntun. Àádọ́ta ọdún ni a ti fi ń tọ́ka sí Ifẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn tí ó tún un ṣe.

7. Iṣẹ́ tí òṣùwọ̀n kò rí

Bí iye ìtọ́kasí kò bá lè sọ òtítọ́ tán nípa Fáfúnwá tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, ti àwọn tí ó fi Yorùbá kọ ọ́ tún burú jù. Jọ́nà tí a fi èdè Yorùbá kọ ṣọ̀wọ́n nínú àwọn atọ́ka ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lórí bébà nìkan. Ẹ̀rọ kò sì lè ka ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo iṣẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ìwé rẹ̀, *A Grammar of Yoruba* (1966), wà káàkiri àgbáyé nínú àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè. *Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá* (1990), tí ó fi Yorùbá kọ, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ń gbé lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni atọ́ka mọ̀ dáadáa; èyí èkejì ni ó ń dé kíláàsì. Bákan náà ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ ní ọdún 1990. Olùkọ́ tí ó bá ń lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ níwájú pátákó kì í tọ́ka sí ìwé náà. Ó kàn ń lo ọ̀rọ̀ ni. Iṣẹ́ tí ó wọ inú ẹnu ènìyàn débi tí a kò rántí ẹni tí ó ṣe é mọ́ ni ipa rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà ni òṣùwọ̀n kò rí rárá.

Àwọn onímọ̀ ní òkè òkun pàápàá ti ń sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ìkéde San Francisco, tí àwọn olóòtú jọ́nà ṣètò ní ọdún 2012, rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má fi òṣùwọ̀n jọ́nà díwọ̀n ènìyàn. Ìwé ìlànà Leiden ti ọdún 2015 ní kí á dáàbò bo ìwádìí tí ó ṣe pàtàkì fún àdúgbò kan. Ìkéde Helsinki ti ọdún 2019 sì dá lórí títẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde ní èdè púpọ̀.

8. Ohun tí ó kan olùkọ́

Láti inú àlàyé wọ̀nyí, ohun mélòó kan wà tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè mú lò.

(i) Kí òǹkọ̀wé ka iṣẹ́ tí ó ń tọ́ka sí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó ìtọ́kasí jáde láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn lè máa tún àṣìṣe kọ láti ìran dé ìran.

(ii) Kí ó sọ ohun tí ó ń fi ìtọ́kasí náà ṣe: ṣé ó fara mọ́ ọn ni, ṣé ó ń tún un ṣe ni, àbí ó ń takò ó? Lẹ́tà kékeré ti àwọn amòfin nìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sì tó láti dá a padà.

(iii) Kí ó dárúkọ gbogbo àwọn tí ó jọ ṣe iṣẹ́, ó kéré tán ní ìgbà àkọ́kọ́, dípò kí ó fi “àti àwọn yòókù” bò wọ́n mọ́lẹ̀.

(iv) Kí olùkọ́ yan bí yóò ṣe máa kọ orúkọ ara rẹ̀, kí ó má sì yí i padà láti iṣẹ́ kan sí òmíràn.

(v) Kí a fi àṣamọ̀ iṣẹ́ tí a fi Yorùbá kọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé-ìkàwé, kí ẹni tí ó bá ń wá a lè rí i.

(vi) Kí ìgbìmọ̀ ìgbéga ka iṣẹ́ olùkọ́, kí ó tó wo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé inú ìmọ̀ òfin ni kíka ìtọ́kasí ti wá, àti pé àwọn amòfin kò ya iye sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìtọ́kasí ṣe. Iṣẹ́ Fáfúnwá fi hàn pé onímọ̀ lè di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, kí ìlànà ìjọba má sì tẹ̀ lé e ju ìdajì lọ, kí a tún wá wọ́gi lé èyí tí a tẹ̀ lé. Bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà. Ọpẹ́ tí ó yẹ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ Ifẹ̀ ni pé kí ẹnì kan tún padà sí kíláàsì pẹ̀lú ìbéèrè wọn, kí ó fi Yorùbá béèrè rẹ̀, kí ó sì kọ àbájáde rẹ̀ síbi tí olùkọ́ yòókù yóò ti rí i kà.